Èéfín Ọkọ̀ àti Omíyalé: Kí Ló Wà Lọ́wọ́ Káńsù?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, káńsù àdúgbò wa n'Ìbàdàn rán òṣìṣẹ́ mẹ́fà wá láti kó gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì wa. Ṣọ́bìrì àti agbọ̀n ni wọ́n gbé wá. Méjì péré nínú wọn ló wọ bàtà òjò. Láti nǹkan bí aago méje títí oòrùn fi kan àtàrí ni wọ́n ń wa ẹrẹ̀ dúdú sókè: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àkísà, awẹ́ táyà, àti ìdajì mátíràsì kan. Wọ́n wà á títí a fi rí kọnkéré ìsàlẹ̀ gọ́tà náà, èyí tí mi ò fojú kàn láti ọdún mẹ́ta. Ìyá alákàrà tó ń dáná létí ibẹ̀ bu àkàrà gbígbóná fún wọn, kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n etí gọ́tà yẹn náà ni wọ́n da ẹrẹ̀ ọ̀hún sí, wọ́n ní ọkọ̀ tí yóò kó o ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. A ò rí ọkọ̀ lọ́jọ́ Ajé, a ò rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, òjò ńlá rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹrẹ̀ ti ṣàn padà sínú gọ́tà, omi ti ya wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, àpò sìmẹ́ńtì mọ́kànlá sì ti di òkúta mọ́ ọlọ́jà lọ́wọ́.

Ibi tí gọ́tà yẹn wà gan-an ni àwọn onítakisí Micra ti máa ń pe èrò. Wọn kì í pa ẹ́ńjìnnì, nítorí bí wọ́n bá pa á, ó lè má tètè dáhùn mọ́. Ìdí ọkọ̀ máa ń kọjú sí ibi tí ìyá alákàrà ti ń dín àkàrà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì tó ilé ìwé lọ máa ń jókòó lórí àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ wò ó rí: imú ọmọ náà àti ẹnu sálẹ́ńsà ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èéfín ló ń fà símú. Nínú òjò, omi gọ́tà ló ń tẹ̀. Àwọn ohun méjì tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò jìnnà síra wọn ju àpótí ọmọ yẹn lọ.

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò pé ta ló yẹ kó bójú tó méjèèjì, ọ̀pọ̀ á ní gómìnà ni. Àwọn mìíràn á ní Àbújá ni. Díẹ̀ ló máa dárúkọ alága káńsù, bẹ́ẹ̀ káńsù ni ìwé òfin dárúkọ. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: kí wọ́n la òpópónà, kí wọ́n sì máa tún un ṣe, òun àti iná ojú títì, gọ́tà àti ọgbà ìgbafẹ́, kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí, kí wọ́n dá ọjà, ilé ìpẹran àti gáréèjì ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣàkóso wọn. Gọ́tà àti gáréèjì. Ibi tí omi ń gbà kọjá àti ibi tí ọkọ̀ ti ń péjọ tú èéfín, ọwọ́ ìjọba tó sún mọ́ wa jù lọ ni òfin kó méjèèjì lé. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà. Mọ́kànlá nínú wọn ló pín Ìbàdàn láàárín ara wọn. Èmi ò lè ka iye àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí bí iṣẹ́, torí mi ò mọ ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ èéfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde ní 2020 nípa Èkó ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ tí kò mọ́ pa nǹkan bí 11,200 èèyàn tí ọjọ́ wọn kò tíì pé. Bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Owó tó bá a lọ tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ìwádìí náà tọ́ka sí ohun mẹ́ta pàtàkì: ọkọ̀ ojú títì, iléeṣẹ́ ńláńlá, àti jẹnẹrétọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ná Èkó ti lé ní ọdún 15, dísù tí wọ́n ń rà sínú wọn sì ní imí-ọjọ́ tó jẹ́ ìlọ́po igba iye tí òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà. Imí-ọjọ́ yìí ló ń di eruku wẹ́wẹ́ tí irun imú kò lè dá dúró, tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ títí ó fi ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ìyá kan bá ní ikọ́ ọmọ òun kò lọ láti oṣù Kejìlá, ó yẹ ká bi í pé ẹ̀gbẹ́ títì wo lẹ ti ń tajà.

Kí ló wá so èéfín mọ́ àgbàrá? Afẹ́fẹ́ tó gbóná máa ń gba omi mọ́ra ju èyí tó tutù lọ: bí ó bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Èéfín tí à ń tú sókè ń mú ayé gbóná, òjò tó yẹ kó rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta wá lè dà sílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìyẹn ni ti òkè. Ti ilẹ̀ ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí káńsù lágbára lórí rẹ̀. Nínú agboolé àwọn bàbá wa, iyẹ̀pẹ̀ ni àgbàlá. Òjò á rọ̀, ilẹ̀ á mu ún, ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù ló máa ṣàn lọ. Lónìí, ọjọ́ tí a bá ra ọkọ̀ la máa ń pe àwọn tó ń fi intalọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí táyà má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ilé kan ṣe é, ògún ilé ṣe é, òpópónà dọ̀dà. Ilẹ̀ ò mumi mọ́. Gbogbo omi tí ilẹ̀ ìbá mu wá dórí kọ gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí àdúgbò náà ṣì jẹ́ oko.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí èyí kí àwa tó rí i. Láti oṣù Kẹwàá, 2008, ẹni tó bá fẹ́ da kọnkéré bo iwájú ilé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ilẹ̀ náà fẹ̀ ju mítà onígun-mẹ́rin márùn-ún lọ, gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ káńsù, àyàfi tí ó bá lo irú òkúta tí omi lè gbà wọlẹ̀ tàbí tí ó wá ibi tí omi á wọ̀ nínú ọgbà rẹ̀. Òfin kékeré ni, kò sì ná ìjọba ní owó kankan. Mi ò rí ìdí tí ẹ̀ka tó ń fọwọ́ sí pulánì ilé lọ́dọ̀ wa kò fi ní í lè sọ bákan náà fún onílé: fi ìdá kan nínú àgbàlá rẹ sílẹ̀ fún iyẹ̀pẹ̀ àti koríko.

Ìbàdàn ò nílò ẹni tó máa sọ fún un ohun tí omi lè ṣe. Odò Ògùnpa kún ní 1978. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, ó tún kún, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn lọ, débi pé Omíyalé di orúkọ ọdún náà. Títí dòní, ẹ lè gbọ́ kí ìyá àgbà kan ní ọdún Omíyalé lòun bí ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbẹ́ ojú odò náà, tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀ láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Afárá wó káàkiri ìlú, èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún kú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá lọ bá Báńkì Àgbáyé, báńkì náà sì fọwọ́ sí igba mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù Kẹfà, 2014, fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé n'Ìbàdàn. Wọ́n tún afárá kọ́, wọ́n fẹ ojú odò, wọ́n tún ìsédò Ẹlẹ́yẹlé ṣe, èyí tó ti wà láti 1942, wọ́n sì ya àwòrán bí ìlú yóò ṣe máa gbòòrò lọ.

Iṣẹ́ gidi ni, ẹni tó bá ti gba orí afárá wọ̀nyẹn kọjá kò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n afárá kì í kó ìdọ̀tí abẹ́ ara rẹ̀. Owó ńlá máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, á kọ́ ohun ńlá, á sì lọ. Àtikó ọ̀rá kúrò lójú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni kò lópin. Òpópónà ni omi tó ń kún odò ti ń wá. Gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ló ń ṣàn wọ gọ́tà títì, gọ́tà títì ló ń ṣàn wọ odò Kúdẹtì àti Ògùnpa. Bí káńsù kò bá mójú tó orísun, igba mílíọ̀nù míì ò ní í tó nísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní í wólé, onílé ni kò ní í gbà fún un. Nínú ìlú tó kún bí Ìbàdàn, ẹni tó ni ojú àgbàrá ni onílé tí òwe yìí ń bá wí, káńsù sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n rántí wọléwọlé, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó àtijọ́. Àwọn tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún á rántí ẹ̀wù kakí wọn àti ìwé tó máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Wọléwọlé á ṣí ìkòkò omi rẹ wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, á wo ẹ̀yìnkùlé, á wo gọ́tà iwájú ilé, á sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ó bá padà wá tí o kò tíì ṣe é, ilé ẹjọ́ ni, owó ìtanràn sì dájú. Àwọn èèyàn bẹ̀rù wọn, àwọn kan nínú wọn sì gba rìbá, mi ò ní í purọ́ pé gbogbo wọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ gọ́tà ilé rẹ, tó ń bọ̀ lọ́jọ́ tí o kò retí rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ìjọba ológun gbé ìmọ́tótó ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù dé. Gbogbo ìlú á jáde, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á gbá ilẹ̀, wọ́n á kó o sójú títì, wọ́n á wọlé. Èkó fòpin sí i ní oṣù Kọkànlá, 2016, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti èèyàn mọ́lé nítorí rẹ̀. Lójú tèmi, Sátidé kan lóṣù kò lè rọ́pò ẹni tó ń wá lójoojúmọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ṣì wà lábẹ́ káńsù títí dòní, wọ́n kàwé ju wọléwọlé àtijọ́ lọ. Ohun tí wọn kò ní ni ọkọ̀, ẹ̀rọ àti àṣẹ. Bí ẹ bá fún wọn ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn èéfín ní ìdí sálẹ́ńsà, kí ni kò ní í jẹ́ kí wọ́n wọ gáréèjì bí àwọn ti àná ṣe ń wọ agboolé?

Èkó ti ṣe ju Ìbàdàn lọ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló ṣe é. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, 2008, láti Máìlì 12 dé CMS. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Máìlì 2 ní oṣù Kẹsàn-án, 2023. Èyí tó ń lọ láti Àgbádo sí Oyíńgbò tẹ̀ lé e ní 2024. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin fi dánfó sílẹ̀, èéfín ẹyọ kan sì dín kù nínú afẹ́fẹ́. Ní oṣù Kìíní, 2024, wọ́n fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí, èyí tó máa ń léfòó dí ẹnu gọ́tà. Inú mi dùn sí gbogbo èyí. Ní ti ìjọba ìbílẹ̀ ogún àti ìjọba ìdàgbàsókè 37 tó wà níbẹ̀, gọ́tà kéékèèké inú àdúgbò ló jẹ́ tiwọn, nígbà tí ìpínlẹ̀ ń bójú tó àwọn ńlá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún awakọ̀ ní gáréèjì ni ará ìlú fi mọ̀ wọ́n. Lójoojúmọ́ ni awakọ̀ ń sanwó. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì náà dúró ti ọkọ̀ tó ń tú èéfín dúdú, ó gba owó, ó lẹ ìwé mọ́ gíláàsì, ọkọ̀ lọ. Nígbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹnì kan wo ìdí ọkọ̀ náà.

Kí n má sì di ẹrù tí kì í ṣe ti káńsù lé e lórí. Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, Kétu àti Owódé mọ̀ pé òjò lè má rọ̀ lọ́dọ̀ wọn rárá kí omi tó wọlé. Odò Ògùn ló ń gbé e bọ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ láti ìsédò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Alága káńsù kan ní Èkó kò lè pàṣẹ fún ìsédò. Ó lè mọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tú u, kó fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ fún ọlọ́jà àti onílé, kó sì ti wá ilé ìwé tí àwọn tí omi bá lé jáde á sùn sí. Ìyẹn náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Peckham, lábẹ́ káńsù Southwark ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Yorùbá ná ọjà ẹ̀fọ́ àti ẹja gbígbẹ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ dísù tó ti dàgbà ló ń wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, 2021, àdúgbò rẹ̀ bọ́ sínú àgbègbè tí wọ́n ń pè ní ULEZ: ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ bá pọ̀ ju ìwọ̀n lọ gbọ́dọ̀ san pọ́n-ùn 12 àti àádọ́ta pẹ́ńsì lọ́jọ́ tó bá rìn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ṣe ìṣirò iye tí òun máa san láti máa lọ síbi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì, òun sì jókòó. Ó ta ọkọ̀ náà lóṣù yẹn. Bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ báyìí, inú rẹ̀ ò sì dùn nígbà òtútù. Olórí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló gbé òfin yìí kalẹ̀, kì í ṣe káńsù. Ohun tí káńsù ní tirẹ̀ ni òfin àyíká ti ọdún 1995, tó pàṣẹ fún káńsù kọ̀ọ̀kan láti máa wọn afẹ́fẹ́ àdúgbò rẹ̀, kó kéde ibi tí kò bá dára, kó sì kọ ohun tó fẹ́ ṣe síwèé kí ará ìlú lè kà á. Wọ́n ń ti òpópónà iwájú ilé ìwé pa mọ́ ọkọ̀ nígbà tí ọmọ bá ń wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Irú òpópónà bẹ́ẹ̀ ti lé ní 500 ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn káńsù kan ń gba owó ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ onídísù ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ikú ọmọ kan ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí yé. Ella Adoo-Kissi-Debrah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń gbé nítòsí títì South Circular ní Lewisham. Ikọ́ fée ló pa á ní oṣù Kejì, 2013. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́. Ní oṣù Kejìlá, 2020, adájọ́ tó ń wádìí ikú pinnu pé afẹ́fẹ́ tí kò mọ́ wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí nínú ìwé ikú. Adájọ́ náà fi kún un pé wọn kò sọ ewu afẹ́fẹ́ náà fún ìyá rẹ̀, èyí tí ì bá jẹ́ kó wá nǹkan ṣe. Ọmọ mélòó ló ti kú bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa, tí a ní àyà ló ń dùn ún?

Ní ti omi, omíyalé ìgbà ooru ọdún 2007 ló lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì síbi òfin 2010, tó sọ káńsù di olórí lórí ọ̀rọ̀ àgbàrá àdúgbò rẹ̀. Ìlà kan wà nínú òfin yẹn tí mo fẹ́ràn gan-an: nígbà tí omi bá ya ilé àwọn èèyàn, tí káńsù sì rí i pé ó yẹ, ó di dandan kó wádìí ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti bóyá ó ti ṣe é, kó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde. Kì í ṣe gbogbo omi ló dá dúró nítorí òfin yìí. Ní oṣù Keje, 2021, òjò méjì ya Lọ́ńdọ̀nù, omi wọ ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ àti ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ará ìlú lè ka ìwé tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà rẹ̀. Ọlọ́jà tí sìmẹ́ńtì rẹ̀ bàjẹ́ ní àdúgbò wa kò tíì rí ìwé kankan gbà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí káńsù kan tó fi ọwọ́ kan ṣe méjèèjì, kó lọ wo Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Odò Don kún ìlú náà ní oṣù Kẹfà, 2007, èèyàn méjì kú. Títì fífẹ̀ kan wà láàárín ìlú tí ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n la òmíràn. Káńsù gba apá kan rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀. Wọ́n hú ọ̀dà, wọ́n wa ebè tó lọ sílẹ̀ ju ojú títì lọ, wọ́n gbin òdòdó àti koríko gíga sí i fún ohun tó lé ní kìlómítà kan. Bí òjò bá rọ̀, omi títì á ṣàn wọ ebè, á rọra wọlẹ̀, epo àti eruku táyà á kù sínú iyẹ̀pẹ̀, ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù ló máa dé odò. Ní oṣù Kejì, 2023, káńsù yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ takisí, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù tí èéfín wọn pọ̀, tí wọ́n bá wọ àárín ìlú; kò fọwọ́ kan ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tara ẹni. Ọkọ̀ tó ń rìn lójoojúmọ́ fún òwò ni wọ́n kọ́kọ́ mú, mo sì rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí àwa náà ti bẹ̀rẹ̀. Ebè òdòdó yẹn kò ju ohun tí àgbẹ̀ wa lè wà lọ. Iyẹ̀pẹ̀ wa gba omi, koríko wa sì ń hù láìbomirin.

Inú ìlú kì í dùn nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ṣe irú òfin báyìí. Káńsù mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù, Bexley, Bromley, Harrow àti Hillingdon, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ Surrey, pe olórí ìlú lẹ́jọ́ kí ULEZ má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n pàdánù ní oṣù Keje, 2023, òfin náà sì kárí ìlú ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Kẹjọ yẹn ni wọ́n ṣí owó ìrànwọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ará Lọ́ńdọ̀nù, tó tó ẹgbẹ̀rún méjì pọ́n-ùn fún ẹni tó bá fi ògbólógbòó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún, 2025, ilé ẹjọ́ dá káńsù Lambeth lẹ́bi lórí òpópónà tó dí mọ́ ọkọ̀ ní West Dulwich, nítorí kò gbé ìwé tí àwọn ará àdúgbò kọ sí i yẹ̀ wò. Ìdájọ́ méjèèjì yìí ni mo gbà: ìjọba lè dín èéfín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn láìfún un ní nǹkan mìíràn, kò sì gbọ́dọ̀ di etí sí wọn. Awakọ̀ Micra tó ń tú èéfín sí ọmọ-ọmọ ìyá alákàrà lójú kì í ṣe ìkà. Owó tí yóò fi tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni kò ní, láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní 2023. Bí káńsù bá lè yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, kó fi yá a ní owó àtúnṣe tàbí owó àtiyí ẹ́ńjìnnì sí gáàsì, awakọ̀ náà á san án padà.

Ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀ kò ṣeé fò. Ètò Àyíká ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 àlòkù ọkọ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè olówó kó ránṣẹ́ sí ibòmíràn, mẹ́rin nínú mẹ́wàá sì wá sí Áfíríkà. Púpọ̀ gba Kútọnu kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìlú wọn ń mọ́ sí i, tiwa ń ṣókùnkùn, afẹ́fẹ́ kò sì mọ ibodè. Kò sí káńsù tó lè ti Kútọnu. Àwọn tó ń ṣòfin ní Àbújá ló yẹ kí a dì mú lórí ìyẹn.

Ó wá ku owó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú àpò kan náà pẹ̀lú ti ìpínlẹ̀ ni owó káńsù máa ń wọ̀, gómìnà ló sì mọ iye tó máa jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kò tọ́, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ìmúṣẹ rẹ̀ ti falẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Síbẹ̀, ìdájọ́ yẹn ti gba àwáwí kan kúrò lẹ́nu wọn. Lójú mi, alága káńsù tó ń sọ pé gómìnà ló di òun lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ fi ìwé owó han àwọn tó dìbò fún un, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bá wí. Àtigba ọkọ̀ kan láti kó ẹrẹ̀ kúrò létí gọ́tà ní ọjọ́ Sátidé kò tó owó bẹntiróòlù tí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ káńsù ń jó lọ́sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Kí òjò tó le, ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹ lọ sí sẹkitéríàtì káńsù yín. Ẹ béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ ìlera àyíká tó wà fún òpópónà yín, ẹ béèrè ọjọ́ tó wá kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ sọ fún káńsẹ́lọ̀ yín pé kí àwọn ọkọ̀ gáréèjì má máa kọ ìdí sí ibi tí ọmọ jókòó sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì wá kó gọ́tà, ẹ dúró tì wọ́n títí ọkọ̀ á fi dé. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde lọ́jọ́ Sátidé, ẹ má gbà kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé.